Ààrò Tí Kò Pé Rí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ alárinà rọrùn, ẹ sọ fún un pé Lará ará Òkè-Sopẹn ní irọ́ ló ń pa. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ṣe é láàárín Gbénró, ọmọ àbúrò ìyá mi, àti Ìbíyẹmí tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Ojú tiwọn mojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá, síbẹ̀ èmi ò ráyè yẹ̀ba títí di ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí.

Gbénró, jórinjórin ni. Kì í ṣe jórinjórin tó kàn ń jó géètì o. Ó lọ sí ilé-ìwé, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí pé irin ló fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, irin ojú fèrèsé ló wá ṣe fún wa ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ìbíyẹmí ti Òde-Omi, ìlú wọn létí omi, dé, ó gbé ẹja yíyan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá fún wa, ó wá ń ráhùn pé èéfín ti fẹ́ fọ́ ìyá òun lójú, pé bí wọ́n bá ti wúkọ́ lóru, gbogbo ilé ló ń jí.

Gbénró gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Igi wo ni wọ́n fi ń yan án?"

Ìbíyẹmí yíjú sí i. "Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ó tó wákàtí mélòó kí ẹja tó gbẹ? Ṣé òróró rẹ̀ ń kán sínú iná?"

Àwa yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin rí arẹwà, ọ̀rọ̀ igi ìdáná ló ń bi í! Kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín wa. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì Ìbíyẹmí, ó kúnlẹ̀, ó ya ààrò onírin kan tó dà bí àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀: èédú nísàlẹ̀, àwo omi lókè rẹ̀ tí òróró ẹja yóò máa kán sí, tíréè ẹja mẹ́rin, ihò tí èéfín yóò gbà jáde lókè. Ó parí, ó gbọn ọwọ́, ó padà sídìí fèrèsé. Ìbíyẹmí dúró, ó ń wo àwòrán náà, ó ń wo ẹ̀yìn Gbénró. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà ò ní béèrè, òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bí ìyá mi bá ní ìbéèrè ńkọ́? Nọ́ńbà wo ni kí wọ́n pè?"

Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ìyá ò ní ìbéèrè kankan.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, a gbé ààrò àkọ́kọ́ lọ sí Òde-Omi nínú ọkọ̀ ojú omi, èmi di ẹsẹ̀ ààrò náà kan mú nítorí ìgbì. Màmá Ìbíyẹmí jẹ́ opó, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ẹni tó ń fi ẹja yíyan tọ́ ọmọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ṣùgbọ́n ó ń fi pamọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, nítorí pé wọ́n ti nà án lọ́mọdé títí wọ́n fi rò pé ó jáwọ́. Ìgbà tó bá wà nídìí iná nìkan ni ọwọ́ òsì ń jáde. Èmi tí mo ti mọ ìyá náà fún ọdún mẹ́rin ò rí i. Gbénró tó lọ kí i lẹ́ẹ̀kan péré rí i, ó sì gbé ilẹ̀kùn ààrò náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó lè rọ ọwọ́ òsì lọ́rùn.

Màmá ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó wo Gbénró. Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò ṣe irú èyí fún mi rí." Láti ọjọ́ náà, "àna mi" ló ń pè é. Ẹja ṣawa tó jáde nínú ààrò náà pọ́n bí ẹ̀pà tí wọ́n yan, kò korò, Màmá ò sì wúkọ́ mọ́. Àwọn obìnrin èbúté ń wọ́ wá wò ó. "Ẹ bá wa ṣe tiwa," ni wọ́n ń wí.

Gbénró á mi orí. "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀yin ìyá mi. Kò tíì pé."

Kò tíì pé! Ẹ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mì. Ó ṣe ìkejì, ó ní gíláàsì ló kù kí wọ́n lè máa wo ẹja láìṣílẹ̀kùn. Ó ṣe ìkẹta, ó ní ó yẹ kó ní ẹsẹ̀ onírólà tí wọ́n á fi máa tì í kiri. Bí mo bá sì ní kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ, èsì kan náà ni.

"Àǹtí Lará, ẹ jẹ́ kí ààrò yìí pé ná. Ẹ mọ Bàbá. Wọ́n á bi mí pé kí ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ ní ohun tí mo lè tọ́ka sí."

Mo mọ Bàbá lóòótọ́. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Áńgílíkà paraku, ẹni tó máa ń fi yíǹkì pupa fa ilà sí lẹ́tà tí ọmọ bíbí rẹ̀ bá kọ sí i. Mo rí Gbénró lọ́mọ ọdún mẹ́wàá tó ń ya ìwé àròkọ, tó ń tún un kọ, tó tún ń ya á. Nítorí náà mo bínú, ṣùgbọ́n mo tún káàánú rẹ̀. Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ dúró. Ó kọ ọkùnrin méjì, ó ní òun ní ẹni tó ń bọ̀.

Ọdún kan kọjá báyìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gbénró pè mí sórí fóònù pé kí n wá bá òun ní títì Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gun ọ̀kadà lọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Gbọ́láhàn ni mo bá a, tó dúró gbagidi. Gbọ́láhàn àti Gbénró jọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni. Ààrò mẹ́fà tò síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí wọn lára. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gbé méjì lọ.

"Ẹ wo ilẹ̀kùn rẹ̀, Àǹtí," ni Gbénró wí.

Mo wò ó. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọwọ́ òsì ni ilẹ̀kùn wọn.

Ààrò kan ṣoṣo láyé ló nírú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Màmá Ìbíyẹmí ló sì wà. Gbénró di ọwọ́ mi mú. "Ẹ búra fún mi pé Ìbíyẹmí ò ní gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi ààrò náà hàn án. Mi ò fẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ jà nítorí irin." Mo búra, òmùgọ̀ bí mo ṣe mọ.

Ṣùgbọ́n n kò lè pa ẹnu mọ́ sí Gbọ́láhàn. Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo ní kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn láé. Kò bínú. Ó gbé àga fún mi.

"Àǹtí, mi ò jí nǹkan kan. Ìta gbangba ni mo ti wọ̀n ọ́n. Mo dúró dè é fún ọdún kan pé kó ta á, kò tà. Ṣé kí àwọn ìyá yẹn máa fa èéfín lọ nítorí pé Gbénró ń wá gíláàsì ni?"

Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé àwọn obìnrin tó ra ààrò náà ráhùn pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń jó àwọn lápá, Gbọ́láhàn sì yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní tíréè rẹ̀ kéré, ó mú un tóbi. Àwọn tó ra tirẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní iṣẹ́. Gbénró nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Kí ọdún tó parí, láti Àbígí dé etí òkun, ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè é ni "ààrò Gbọ́láhàn."

Gbénró ò sì dé Òde-Omi mọ́. Oṣù mẹ́jọ! Bí Ìbíyẹmí bá béèrè, á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Màmá náà yí padà. Ẹni tó ń pè é ní àna, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, á dìde lọ wo iná tí kò jó. "Ẹni tí kò lè parí ààrò, ṣé yóò lè parí ilé?" ló ń wí.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, nígbà ìsinmi ọ̀sán, Ìbíyẹmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

"Àǹtí, àwọn ẹbí Gbọ́láhàn ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá kí Màmá. Wọ́n á tọrọ mi, wọ́n á sì bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n má gbà."

"Kí lo máa sọ?"

"Mi ò mọ̀." Omi dé ojú rẹ̀. "Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí. Gbọ́láhàn máa ń wá nígbà tó bá ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣẹ Gbénró?"

Mo rántí ìbúra mi. Mo ní kó má sọkún, pé kó jẹ́ kí n rí Gbénró.

Mo bá a nídìí ààrò kẹfà. Mo sọ fún un. Ó ní, "Sátidé wo?" Mo ní, "Èyí tó ń bọ̀ yìí." Ó wo ààrò náà, ó ní, "Àǹtí, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí eléyìí..." Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ nù sẹ́yìn ọgbà.

"Gbénró, o ti pàdánù ààrò. Ṣé o fẹ́ pàdánù ọmọ náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́!"

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá," ló sọ.

Bàbá gbọ́ wa tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi ò ní bá ẹnikẹ́ni du ìyàwó bí ẹni ń du àyè nínú mọ́tò. Àwọn aláṣọ funfun létí omi yẹn náà, kí ni kí n sọ fún wọn pé iṣẹ́ rẹ jẹ́? Kí n ní ìwọ lo ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń tà?"

Mo rò pé Gbénró yóò dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀."

"N kò lọ."

"Ó dáa, sà." Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e. Níta, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lè mú mi lọ?" Èmi obìnrin kan ṣoṣo, láìsí bàbá, láìsí iṣu, láìsí ọtí. Mo ní mo lè mú un lọ.

Ní Sátidé, a ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mọ́tò tí a wọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, a gun ọ̀kadà, ọ̀kadà gbé wa dé èbúté, ọkọ̀ ojú omi ò tètè kún. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n dá fún àwọn ẹbí Gbọ́láhàn. Aago mọ́kànlá ti kọjá ká tó gúnlẹ̀ sí Òde-Omi.

Wọ́n ti to àga sí àgbàlá. Màmá jáde, ó rí wa, ó dúró. Gbénró da ojú bolẹ̀ nínú iyanrìn.

"Kí rèé, Lará?" ni Màmá wí. Ìjẹ̀bú etí omi ló sọ, ó le jù báyìí lọ, mo kàn ń sọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo yín máa gbọ́ ni. "Ṣé o ò gbọ́ pé mo ń retí àlejò lónìí?"

"Àlejò ni àwa náà, Màmá."

"Bàbá rẹ̀ dà?"

"Wọn ò wá, mà," ni Gbénró dáhùn láti ilẹ̀.

Ìbíyẹmí jáde sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti di irun fún un, ó wọ aṣọ òkè. Ó wo Gbénró títí, àánú ọmọbìnrin náà ṣe mí.

"Oṣù mẹ́jọ, Gbénró."

"Mo mọ̀."

"Mo bi ọ́ lórí fóònù. Mo wá bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni ẹnikẹ́ni ṣe fún ọ nílé yìí tí o ò fi wá mọ́? O ní kò sí. Mo tún ń bi ọ́ lónìí, nítorí pé lẹ́yìn òní mi ò ní bi ọ́ mọ́. Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Gbénró gbé orí sókè. Ó wo Màmá, ó wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó sọ ọ́. Ẹnu mi ń yún mi, ìbúra tàbí kò sí ìbúra.

"Kò sí," ni Gbénró wí.

Ìbíyẹmí yí padà láti wọlé.

"Dúró," ni Màmá sọ. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Gbénró, wò mí lójú."

"Ìyá mi..."

"Mo ní kí o wò mí lójú." Ó wò ó. Màmá jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga àlejò. "O mọ̀. Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti rí ilẹ̀kùn ààrò Gbọ́láhàn, mà."

"Kí lẹ ń sọ?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

Màmá sọ ọ́ tán pátá. Ó ní Gbọ́láhàn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọ̀rẹ́ Gbénró ni òun, ẹnu ń ya òun sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá ní òun fún un lómi, òun fún un lẹ́ja. "Ó mú téèpù ìwọ̀n jáde. Èmi ni mo di ẹnu rẹ̀ kejì mú fún un! Inú mi ń dùn, mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí àna mi ṣe fún mi. Nígbà tí àwọn ààrò yẹn dé èbúté, tí mo rí ilẹ̀kùn wọn, mo ní mo gbé." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ìtìjú ni, Gbénró. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ, ojú á tì mí. Mo rò pé bí ọmọ mi bá fẹ́ ẹlòmíràn, n kò ní rí ọ mọ́, ara á tù mí. Bí mo bá wo Gbọ́láhàn, ojú kì í tì mí."

N kò retí ohun tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé Ìbíyẹmí yóò sọkún, yóò dì mọ́ ẹnìkan. Ó bínú ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń bo ara yín láṣìírí, ẹ fi èmi sí ìta," ló wí. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo dígí, tí mo ń wá ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára mi. Àǹtí Lará, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀?"

Mo dojú bolẹ̀.

Lójú omi, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọkọ̀ ńlá ni, orin ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Màmá wo ọmọ rẹ̀.

"Gbénró," ni Ìbíyẹmí wí. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ìbíyẹmí, ààrò tuntun yẹn, bí mo bá ti..."

Mo fẹ́ kú.

"Mi ò bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ààrò."

Ẹ́ńjìnnì ti dín ohùn kù, ọkọ̀ ti ń sún mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó lójú ìyá ọmọ; èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo la ẹnu, Gbénró gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo wá tọrọ rẹ. Bàbá mi ò wá. Ọwọ́ mi ṣófo. Ààrò yẹn ti di ti Gbọ́láhàn, mo ti gbà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Ó yẹ kí n ti sọ ohun tó ń dùn mí fún ọ, n kò sọ, n kò ṣe dáadáa. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí pé mi ò tó. Mi ò tíì tó títí di báyìí. Bí mo ṣe rí nìyí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ òpó, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Bí nǹkan bá tún ń dùn ọ́, ta ni wàá sọ fún?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

"Ìwọ."

"Kó tó pé àbí lẹ́yìn tó bá pé?"

"Kó tó pé. Lójú ẹsẹ̀."

"Dìde nílẹ̀," ló wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, òun ni mo fẹ́. Mo ṣì ń bínú sí i, mo ń bínú sí ẹ̀yin náà, òun sì ni mo fẹ́."

Màmá dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ dì. "Sátidé tó ń bọ̀ ni kí bàbá rẹ wá," ló sọ fún Gbénró. "Bí kò bá wá, èmi á gbéra lọ bá a ní Òkè-Sopẹn." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èbúté. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní rárá, pé òun ló pè wọ́n.

Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn lókèèrè, ẹ mọ̀ mí. Gbọ́láhàn ló ṣíwájú àwọn ẹbí rẹ̀, agbádá rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé e dìde lójú gbogbo wọn.

"Ẹ kú àbọ̀ o," ló wí. "Ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ wá jẹun, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ tútù. Ṣùgbọ́n Gbọ́láhàn, ọmọ mi, o pẹ́."

Gbọ́láhàn wo aago ọwọ́ rẹ̀.